Ìkòkò Tí Wàá Gbé Bá Àna Rẹ Gun Òkè

Ilé wa ní Ìlobù,
lẹ́yìn ìrun àárọ̀.

Làmídì, Àkànní ọmọ mi, ọkọ Fọlákẹ́ bí Ọlọ́run bá fẹ́,

Mo kí ọ, ìyá rẹ kí ọ. Pákó tó wà ní ṣọ́ọ̀bù náà kí ọ, nítorí àwọn ni wọ́n rán ọ níléèwé. Ara mi le koko. Ẹni tó bá ní kò le, kó wá bá mi rìn. Àná yìí ni mo gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn láti ẹnu ọ̀nà wa dé Ìfọ́n, n ó sì sọ ìdí rẹ̀ fún ọ bí mo bá débẹ̀.

Àwọn àbúrò rẹ ní kí n pè ọ́ lórí fóònù, mo kọ̀. Ọ̀rọ̀ orí fóònù, etí ọ̀tún ló ń gbà wọlé, etí òsì ló ń gbà jáde. Ìwé ni ènìyàn lè ká sápò kó tún yọ ọ́ wò. O sì mọ̀ pé bàbá rẹ kì í bẹ ẹnikẹ́ni kọ ìwé. Lóòótọ́, ìwé kejì ni mo kà tí bàbá mi fi mú mi lọ oko. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo lọ ilé ìwé àgbà nírọ̀lẹ́, tí olùkọ́ bá fẹ́ ṣírò pákó, èmi ló ń wò lójú. Ìwọ wo bí lẹ́tà mi ṣe dúró ṣinṣin lórí ìlà.

Ó yá, jẹ́ ká pe ọ̀rọ̀ ní orúkọ rẹ̀. Bàbá Fọlákẹ́ tó wà ní Abẹ́òkúta, tó ń wọn ilẹ̀ fún ìjọba kó tó fẹ̀yìn tì, tó wá ń gun òkè kiri báyìí láìní oko lórí rẹ̀, ó ní ẹni tó bá fẹ́ fẹ́ ọmọ òun, kó wá bá òun àti ọmọ náà gun òkè ní Ìdànrè, kí wọ́n sun oorun ọjọ́ méjì níbẹ̀, kí ẹni náà sì jẹ́ alásè. O ní ó ti dá ọmọkùnrin kan padà ní ìsàlẹ̀ òkè, nítorí ó gbé kúlà tó kún fún omi dídì àti sílíńdà gáàsì inú ilé wá. O ní ẹ̀rù ń bà ọ́, oorun kì í kùn ọ́ mọ́.

Ó yẹ kí ẹ̀rù bà ọ́. Ọmọ náà wù mí. Ọjọ́ tó wá kí wa, orúnkún rẹ̀ méjèèjì ló kanlẹ̀, kò ṣe bí àwọn tó ń tẹ̀ díẹ̀ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́. Bí o bá pàdánù rẹ̀ nítorí ìkòkò, n kò ní dárí jì ọ́.

Àwọn kan ní ṣọ́ọ̀bù ń rẹ́rìn-ín pé irú àna wo nìyí. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Ọ̀wẹ̀ àna ni. Láyé tiwa, bí o bá fẹ́ fẹ́ ọmọ, wàá kó ọ̀rẹ́ jọ, ẹ ó lọ bá bàbá rẹ̀ kọ ebè. Ọkùnrin yìí kò ní oko, òkè ló ní. Bákan náà ló rí: ó fẹ́ wo ọwọ́ tí yóò máa bọ́ ọmọ òun.

Ṣùgbọ́n fọ́tò ẹrù tí o fi ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ, nígbà tí mo rí i, mo jókòó. Ìkòkò alumí mẹ́ta. Sítóòfù oníkẹrosíìnì. Abọ́ tánganran olódòdó. Flásìkì. Odó! Làmídì, ṣé òkè lo fẹ́ gùn ni àbí búkà lo fẹ́ ṣí? Mo mọ ọwọ́ tó wà nídìí rẹ̀. Mo pe ìyá rẹ.

"Ìyá Làmídì, ta ló ní kó gbé odó?"

"Odó kékeré ni."

"Odó ni odó ń jẹ́."

"Ṣé gàrí lẹ fẹ́ kó fún àna rẹ̀ jẹ? Kí wọ́n ní ọmọ Ìfọ́n kò kọ́ ọmọ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń dáná?"

"Ọmọ Ìlobù ni Làmídì."

"Tí ọbẹ̀ bá dùn, ọmọ Ìfọ́n ni. Tó bá jóná, ọmọ yín ni."

Obìnrin tí mo fẹ́ nìyẹn. Ìdí nìyí tí mo fi gbé gègé, dípò kí n dákẹ́ kí wọ́n dì ọ́ lẹ́rù bí ọkọ̀ Kánò.

ÈKÍNÍ, ìkòkò. Fetí sílẹ̀, nítorí díẹ̀ ló kù kí ìkòkò má jẹ́ kí wọ́n bí ọ.

Nígbà tí mo fẹ́ fẹ́ ìyá rẹ, lébìrà ni mo jẹ́ lábẹ́ àwọn tó ń la gẹdú nínú igbó. Pákó tí ọkùnrin méjì ń gbé, èmi nìkan ni mo ń gbé e, mo tún ń súfèé. Ọjọ́ ọ̀wẹ̀ àna mi pé, oko wọn wà lẹ́yìn odò, ó kọjá Ìfọ́n dáadáa. Ọkọ ìyàwó ló ń wá oúnjẹ. Àwọn ẹlòmíràn á ní kí wọ́n sè é nílé, kí wọ́n gbé e sínú agbọ̀n. Èmi Ráímì ní rárá, oko náà ni mo ti máa sè é, inú ìkòkò irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí a fi ń bọ́ gbogbo àwọn agégẹdú ni mo sì ti máa sè é. Mo gbé e lérí fúnra mi, kí àwọn àna mi lè rí mi.

Wọ́n rí mi. Gbogbo Ìfọ́n ló rí mi. Ìyá kan tó ń gbálẹ̀ ní, "Ọkọ mi, ṣé gbogbo ìlú lo fẹ́ sè fún ni?" Inú mi dùn, mo tún na ọrùn sí i.

Nígbà tí a fi máa dé oko, ọrùn náà kò yí mọ́. Bí wọ́n bá pè mí láti apá òsì, gbogbo ara ni mo fi ń yí bí ọkọ̀ akẹ́rù. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ń kọ ebè, èmi nà sábẹ́ igi igbá. Bẹ́ẹ̀ ni bàbá ìyá rẹ dé. Wọ́n wo ìkòkò tó dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n wo èmi tí n kò lè dúró lórí méjì. Wọ́n ní, "Èwo nínú ẹ̀yin méjèèjì ló wá fẹ́ ọmọ mi? Nítorí ìkòkò yìí dá mi lójú jù ọ́ lọ."

Síbẹ̀, sọ òtítọ́ bí o bá ń ròyìn rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni: nígbà tí a ń padà, ẹni mẹ́ta ló pín ìkòkò yẹn gbé.

Wọ́n ní ẹrù kì í wúwo kí ẹlẹ́rù má lè gbé e. Ẹni tó sọ ọ́ ti ń gba ọ̀nà títẹ́jú. Nítorí náà, ìkòkò kan ṣoṣo ni kí o gbé. Ẹ̀yin mẹ́ta lẹ máa jẹun, èyí tó lè gba omi ìgò ńlá kan tí ẹ̀kún rẹ̀ kò ní hó dànù ti tó yín. Kó jẹ́ alumí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ọwọ́ rẹ̀ ṣeé ká mọ́ ara, kí ìdérí rẹ̀ mú dáadáa kí gáàsì má ṣòfò, kí ìdérí náà sì jinlẹ̀ tó láti fi dín ẹyin. Irin kan tún wà tó fúyẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, táítéńíọ́mù ni wọ́n ń pè é, ó fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà, kì í sì í tẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú kan ló máa ń gbóná sí, ọbẹ̀ a jó níbẹ̀ nígbà tí ẹ̀gbẹ́ kejì ṣì tutù. Ẹni tó fẹ́ gbé omi kaná nìkan ló wà fún. Ìwọ, àna lo fẹ́ sè fún. Alumí ni kí o mú.

ÈKEJÌ, kí ohun gbogbo wọ inú ara wọn. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Òṣogbo, ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ lẹ ìpéǹpéjú tó gùn bí ìgbálẹ̀.

"Bàbá, kí lẹ fẹ́ rà, sà?"

"Ìkòkò tí ènìyàn lè gbé gun òkè."

"Ẹ̀yin lẹ fẹ́ gùn ún?"

"Ọmọ mi ni. Àmọ́ bí mo bá fẹ́, mo lè gùn ún."

"A mọ̀ bẹ́ẹ̀, Bàbá." Ó rẹ́rìn-ín sí apá kan. Ó gbé ọ̀kan wá, kò ju orí ọmọ ọwọ́ lọ. Ó ṣí i, àwo wà nínú rẹ̀. Ó yọ àwo, kọ́ọ̀bù mẹ́ta wà nínú ara wọn. Ó yọ kọ́ọ̀bù, sítóòfù kékeré jókòó sí ìsàlẹ̀ bí ọmọ inú oyún. Mo gbá ìkòkò náà pẹ́pẹ́, mo fi eyín kan etí rẹ̀.

"Ha, Bàbá! A kì í jẹ ẹ́ o!"

"Mò ń dán an wò ni. Bí mo ṣe ń mọ pákó tó gbẹ nìyí."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi eyín kan gáàsì."

Mo rà á. Ohun tí mo fẹ́ kí o mú níbẹ̀ rèé: bí inú ìkòkò bá ṣófo nínú báàgì rẹ, afẹ́fẹ́ lò ń gbé gun òkè. Ki nǹkan bọ̀ ọ́. Ìṣáná, iyọ̀, kànìnkànìn, aṣọ ìnuwọ́, gbogbo rẹ̀ ni kó wọlé.

ÈKẸTA, iná. Gbé sítóòfù oníkẹrosíìnì jù sílẹ̀. Nínú igbó, kẹrosíìnì wa dà sínú àpò gàrí nígbà kan. Agégẹdú kì í da gàrí nù, a jẹ ẹ́. Fún ìyókù ọ̀sẹ̀ yẹn, ẹni tó bá fẹ́ gùnfẹ̀, a máa ń lé e kúrò nídìí iná.

Sítóòfù tí mo rà fún ọ kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, orí agolo gáàsì kékeré ni wọ́n ń yí i mọ́. Mú sítóòfù náà lọ́wọ́ lọ síbi tó o ti máa ra agolo, kí o yí i wò lójú wọn, nítorí ẹnu agolo kò dọ́gba. Gbé èyí tó tóbi díẹ̀ kan, kí o fi kékeré kan pamọ́ de ìgbà tí èyí bá tán. Má gbọ́kàn lé igi ìdáná. Òkúta ni orí òkè yẹn. Igi tó bá sì wà níbẹ̀, bí òjò bá rọ̀ kò ní gbaná, bí ó bá jẹ́ ọyẹ́, iná kékeré ló ń jó gbogbo koríko. Afẹ́fẹ́ orí òkè yóò máa gbá iná rẹ sọ́tùn-ún sósì, nítorí náà ra páànù tó ṣeé ká tí wọ́n fi ń dá afẹ́fẹ́ dúró. Ṣùgbọ́n má fi yí agolo po tán o, bí agolo bá gbóná jù, yóò bú gbàmù, wọ́n á ní ọmọ Ráímì fẹ́ pa àna rẹ̀. Má sì dáná nínú àgọ́, kódà kí òjò máa rọ̀, kódà kí Fọlákẹ́ ní òtútù ń mú òun. Èéfín rẹ̀ kì í kan ilẹ̀kùn kó tó pànìyàn.

Lórí ọ̀rọ̀ iná náà, má gbé ẹ̀wà. Gáàsì yóò tán, ẹ̀wà yóò ṣì máa wò ọ́ lójú. Ìrẹsì ni kí o gbé, rẹ ẹ́ sómi kí o tó gbé e kaná. Gàrí, ẹja gbígbẹ, kúlíkúlí. Ìyá rẹ yóò dín ata fún ọ títí omi yóò fi tán lára rẹ̀, yóò rọ ọ́ sínú ike kékeré. Ó ti gbà. Ó ní, "Màá dín ata, ṣùgbọ́n kí Ọlọ́run dárí jì yín lórí ọ̀rọ̀ odó."

Èwo ni mo kà dé? Kò burú. Ọ̀rọ̀ ṣíbí ló kàn.

Ṣíbí kan fún ẹni kan. Kí ọwọ́ rẹ̀ gùn, kó lè dé ìsàlẹ̀ ìkòkò láìjẹ́ pé ìka rẹ wọ ọbẹ̀ lójú àna. Má ra oníke fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, yóò kán sínú ìrẹsì. Má gbé fọ́ọ̀kì. Kí lo fẹ́ gún lórí òkè? Àwọn kan á ní ọwọ́ ni Yorùbá fi ń jẹun. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ ń fẹ́ omi ìṣanwọ́, omi náà wà lẹ́yìn rẹ, ó sì wúwo ju ṣíbí lọ.

Abọ́ olódòdó yẹn, dá a padà fún ìyá rẹ. Kọ́ọ̀bù ni kó jẹ́ abọ́, kó tún jẹ́ ife. Bí ẹ bá jẹun tán nínú rẹ̀, ẹ ó nù ún, ẹ ó mu tíì nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kọ́ọ̀bù irin onífẹ́lẹ́ a máa jó ni létè. Ìwọ àti Fọlákẹ́ lè fara dà á, ìfẹ́ ń ṣe yín. Ẹni tó bá fi tíì jó bàbá ìyàwó létè, ètè yẹn ni wọ́n á fi dá a lóhùn nígbà tó bá ń tọrọ ọmọ. Ra kọ́ọ̀bù onílọ́po méjì kan, tí etí rẹ̀ kì í gbóná, fún bàbá náà. Ó wúwo ju ìyókù lọ díẹ̀, mo mọ̀. Ọ̀wọ̀ a máa wúwo. Òun nìkan ni ẹrù àlékún tí mo fọwọ́ sí.

Bí o bá sì fẹ́ dọ̀bálẹ̀ kí wọn láàárọ̀, kọ́kọ́ gbé ìkòkò sílẹ̀. Má rẹ́rìn-ín. Mo ti rí ẹni tó dọ̀bálẹ̀ tòun tọbẹ̀.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ báàgì tí mo gbé lọ sí Ìfọ́n. Igi gànràngànràn má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. N kò fẹ́ fi ẹnu lásán gbà ọ́ níyànjú. Mo kó gbogbo ohun tí mo rà sínú báàgì ẹ̀yìn àbúrò rẹ, mo fi omi àti ìrẹsì kún un, mo gba títì lọ.

N kò tíì jìnnà tí ọlọ́kadà kan fi dúró. "Bàbá Onípákó, ẹ gùn ún, ọ̀fẹ́ ni."

"Mi ò gùn. Ìkòkò ni mò ń dán wò."

Ó wò mí, ó wo báàgì. "Ẹ má bínú, Bàbá. Ilé ayé ni."

Níwájú, ìyá tó ń ta búrẹ́dì ké sí mi, "Alàájì, ṣé Ìyá Làmídì ló lé yín jáde?"

"Ta ló lè lé mi nílé tí mo fọwọ́ ara mi kọ́?"

"Ẹni tó bá ń gbé inú rẹ̀ náà ni!"

Mo dé ilé àbúrò ìyá rẹ ní Ìfọ́n, Sàrátù ti gbọ́ ṣáájú mi. Ó ti tẹ́ ẹní. Ó kúnlẹ̀, ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ sùn níbí lónìí. Tó bá di ọ̀la, a ó bá wọn sọ̀rọ̀. Gbogbo ilé ló ń jà." Mo ní kò sẹ́ni tó bá mi jà. Ó ní, "Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ kì í sọ tinú yín." Mo gbé sítóòfù kalẹ̀ láàárín agbo ilé, mo yí i mọ́ agolo gáàsì kékeré tí mo rà fún ìdánwò, mo tanná, mo sì se ìrẹsì. Omi hó kí Sàrátù tó parí àdúrà tó ń ṣe fún ìgbéyàwó wa. Àwọn ará ilé yí mi ká, wọ́n ń yà mí ní fọ́tò. Ìrẹsì náà jinná dáadáa, kò jó. Mo ní kí wọ́n kọ ìyẹn sábẹ́ fọ́tò.

Mo rí nǹkan méjì kọ́ níbẹ̀. Ṣíbí ń gbá ìkòkò ní gbogbo ìṣísẹ̀, kángókángó bí agogo ẹṣin, nítorí náà fi aṣọ ìnuwọ́ wé e. Ìkejì, ohun tó wúwo ni kó sún mọ́ ẹ̀yìn rẹ, kí okùn ìbàdí báàgì gbé e, kó má jẹ́ èjìká nìkan. Dán gbogbo rẹ̀ wò nílé rẹ kí ẹ tó lọ. Se ìrẹsì kan lórí rẹ̀. Ẹni tó bá ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń tan sítóòfù lójú àna ti pẹ́.

Awakọ̀ tó ń ti gáréèjì Òṣogbo lọ sí Ìbàdàn tí o ń gbé yóò gbé ẹrù náà fún ọ pẹ̀lú lẹ́tà yìí.

Mo ti fẹ́ kọ orúkọ mi sísàlẹ̀ báyìí ni fóònù dún. Nọ́ńbà tí n kò mọ̀. Ta ni? Bàbá Fọlákẹ́! Fọ́tò mi ní agbo ilé Sàrátù ti ti fóònù dé fóònù, ó ti dé ọwọ́ ọmọ wọn, ọmọ fi hàn wọ́n.

"Ẹ káàárọ̀ o, Alàájì. Ṣé ẹ̀yin ni bàbá tó gbé ìkòkò ọmọ rẹ̀ fẹsẹ̀ rìn láti ìlú kan dé èkejì?"

"Èmi ni o, sà. Kò sì rẹ̀ mí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. "Mo ti ń wá irú yín. Àwọn ẹgbẹ́ mi kì í fẹ́ rìn mọ́. Ẹ bá wa gun òkè náà, ká lè jókòó sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ yìí níbẹ̀."

"Èmi náà?"

"Àbí ẹsẹ̀ ń dùn yín ni?"

"Ẹsẹ̀ ta?"

Ohun tí mo fi dáhùn nìyẹn, ẹnu mi ti sọ ọ́ kí n tó ronú. Ìyá rẹ tó wà nítòsí pàtẹ́wọ́. Ó ní, "Ẹ̀yin tí ẹ máa ń di àga mú kí ẹ tó dìde? Ìfọ́n níbí, gbogbo àárọ̀ lẹ fi rìn ín."

Jẹ́ kó máa sọ. Ìwọ gbọ́ ohun tó wà nínú ìpè yẹn, Àkànní. Ọmọ kì í dá tọrọ ìyàwó. Ẹni tó bá fẹ́ lé ọ kò ní ránṣẹ́ pe bàbá rẹ kó wá wò ó. Ọjọ́ tí wọ́n bá ti bèèrè bàbá, a ti ń lọ sílé ìyàwó nìyẹn. Sùn dáadáa lónìí.

Dáná fún ẹni mẹ́rin. Ẹrù tèmi, èmi ni n ó gbé e, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbà á lọ́wọ́ mi níṣojú àna. Ṣùgbọ́n bí o bá bojú wẹ̀yìn, tí o rí i pé mo ti jókòó sórí òkúta, má sáré padà wá, má sì pariwo pé, "Bàbá, ṣé kò sí nǹkan?" Máa rìn lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Bí wọ́n bá bi ọ́, sọ fún wọn pé bàbá rẹ ń wo bí ayé ṣe rí láti òkè ni.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ráímì Onípákó.